Ìlà Àlejò Nídìí Ẹ̀rọ

"Ọmọ ilé, apá ọ̀tún! Àlejò, apá òsì! Ẹ má dà mí láàmú o!"

Igbe Bàbá Owólabí la fi ń jí ní òpópónà wa ní Ọ̀kọ́kọ́máíkò lọ́dún 1976. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí káńsù ṣe fún wa, ó sì ti pín àwọn tó ń pọnmi sí ìlà méjì. Àwa ọmọ Nàìjíríà wà lápá ọ̀tún. Àwọn ará Gánà, ará Tógò àti àwọn tó ti Dàhòmì wá wà lápá òsì, wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí ìlà ọ̀tún yóò fi tán. Bí omi bá dá kí ó tó kàn wọ́n, wọ́n á gbé garawa òfìfo wọn padà sílé. Kò sẹ́ni tó bi Bàbá Owólabí léèrè pé ta ló fún un láṣẹ. Èmi náà kò bi í. Kí ló kàn mí? Ìlà ọ̀tún ni mo wà.

Fàúsátù lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo wà ní fọ́ọ̀mù fóò. Owó epo ti gba ìlú kan. Katakátá ń la ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì tọ̀sán-tòru, ilé aláràbarà ń hù láàárín igbó ní Ìbà, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ̀rọ̀ Fẹ́sítáàkì, àjọ̀dún ńlá táwọn èèyàn dúdú káàkiri ayé ń bọ̀ wá ṣe ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Nítorí àwọn àlejò wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe ri pátákó gàgàrà kan mọ́lẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Wọ́n ya obìnrin kan tó kúnlẹ̀, tó ń gbé ife omi fún òyìnbó kan tó ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà sí pé: NÀÌJÍRÍÀ: ÀLEJÒ DỌMỌ ILÉ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Nílé wa, bí àlejò bá wọlé, kí a tó bi í ní ohun tó bá wá, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un. Mo rò pé ohun tí pátákó náà ń sọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Wẹsidé kan, Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí, akọ̀wé káńsù, wá sí ilé ìwé wa pẹ̀lú kóòtù àti táì nínú oòrùn. Ó ní ìdíje kan wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ lọ bá àwọn àjòjì tó ń gbé láàárín yín," ni ó wí. "Ẹ bi wọ́n bí ọ̀rọ̀ ara pátákó yẹn ṣe rí lára wọn. Àròkọ tó bá dára jù lọ, a ó kà á lórí rédíò. Ẹni tó kọ ọ́ yóò sì bá wa lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ Fẹ́sítáàkì."

Èmi tí n kò tíì rékọjá Máìlì Túù wọ Èkó rí! Láti ìṣẹ́jú yẹn, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ̀ Madam Abla, ará Tógò, ni mo kọ́kọ́ lọ. Aṣọ àwọn sójà bárékè Ọ̀jọ́ ló máa ń fọ̀. Mo bá a níwájú ọpọ́n ìfọṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ẹ ti rí pátákó tó wà ní Ìyànà Ìbà?"

"Mi ò mọ̀wé, àmọ́ wọ́n ti kà á fún mi." Ó fún ṣòkòtò sójà kan bí ẹni pé ọrùn ẹnìkan ló dì mú. "Omi inú àwòrán yẹn, ta ni wọ́n ń gbé e fún?"

"Àlejò ni, mà."

"Òyìnbó ni! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọ ìdọ̀tí yín níbí. Ta ló gbé ife omi kan fún mi rí? Láti ìdájí ni mo ti ń tò, omi á sì dá kó tó kàn mí. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé Abla ní irọ́ ni. Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, mà."

"Ó dáa. Kúrò níbẹ̀ yẹn, ò ń dí oòrùn mọ́ aṣọ mi."

Mo bá lọ sọ́dọ̀ Sẹ̀tónjí, aránṣọ tó ti Àjàṣẹ́ ní Dàhòmì wá. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ kí n parí ìbéèrè mi.

"Àbúrò bàbá mi ń gbé ní Àgbádárìgì. Èdè kan náà là ń sọ, ìdílé kan náà ni wá. Wọ́n ní òun lọmọ ilé. Wọ́n ní èmi ni àlejò. Òyìnbó ló kọ́kọ́ fa ìlà sáàárín wa, Bàbá Owólabí wá tún un fà nídìí ẹ̀rọ! Ṣé ọmọ ilé lọlọ́pàá máa ń bi ní ìwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? Kí wọ́n lọ fi pátákó wọn dáná."

Ẹni kẹta ni Mísítà Ansà, ará Gánà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò. Wọ́n ti gbọ́ Yorùbá débi pé wọ́n máa ń fi bú wa. Wọ́n gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, wọ́n sì wò mí.

"Fàúsátù, nínú ilé yín, ta ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́, ọmọ ilé àbí àlejò?"

"Ọmọ ilé ni, sà."

"Ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún lómi?"

"Àlejò ni, sà."

"Ó dáa. Iṣẹ́ ọmọ ilé lẹ ń rán wa, àmọ́ ẹ ò fún wa ní omi àlejò. Kọ ọ́ báyìí: kí wọ́n mú ọ̀kan. Bí a bá jẹ́ ọmọ ilé, kí wọ́n jẹ́ ká tò lápá ọ̀tún. Bí a bá jẹ́ àlejò, kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ pọn." Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Àwa méjìlélọ́gbọ̀n la kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ kejì fún wa. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Ohun tí o bá kọ lè ràn wá lọ́wọ́."

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ìyá mi, wọ́n yọ ṣùtì. Àwẹ̀ró lorúkọ wọn. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi ta aṣọ ní Kúmásì kí ìjọba Gánà tó ní kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn lọ́dún 1969; ọ̀dọ̀ ìyá àgbà níbí ni wọ́n fi mí sí nígbà náà.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wa, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré! Kí Ansà má rojọ́ ìlà fún mi o. Òun ṣì rí ìlà tò," ni wọ́n wí.

Mo kọ àròkọ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, èébú ló kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mú un lọ fún Mísítà Adéníran, olùkọ́ Yorùbá wa. Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

"Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rò pé wọ́n á ka èyí lórí rédíò."

Wọn kò ní kí n purọ́. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn lẹ́bi. Èmi nìkan ni mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí mo ya ojú ìwé náà kúrò, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo yọ igbe Madam Abla kúrò, mo fi ẹ̀rín sí i. Mo ní Sẹ̀tónjí ń kọrin ayọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tó kan Mísítà Ansà, mo ní wọ́n wí pé: "Nídìí ẹ̀rọ omi ní Ọ̀kọ́kọ́máíkò, àwa àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún lómi, gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá." Ó dùn lẹ́tí débi pé èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Mo gba ipò kìn-ín-ní. Inú mi dùn, n kò ní í purọ́ nípa ìyẹn. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè tí wọ́n kà á, rédíò ń ké ní gbogbo ilé òpópónà wa, orúkọ mi sì ń jáde láti ojú fèrèsé kan dé èkejì. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Mísítà Ansà àti àwọn àjòjì yòókù ti lọ wá omi sí odò lọ́sàn-án náà, wọn kò gbọ́ ọ. Ìyá mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa rédíò.

"Ta ló sọ ti omi yẹn?"

"Mísítà Ansà ni, mà."

"Irọ́ ni. Èmi náà ti ṣe àlejò rí. Bí àlejò bá tilẹ̀ fẹ́ yin onílé, kò ní í fi ibi tí wọ́n ti ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀ yìn ín. Kí ni ọkùnrin yẹn sọ?"

Wọ́n jókòó, ohùn wọn sì yí padà.

"Lọ́jọ́ tí a ń kúrò ní Kúmásì, mo ti wà lórí lọ́rì nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó ń sọ fáwọn èèyàn pé ilé ló ń wu Àwẹ̀ró, pé òun fúnra rẹ̀ ló ní òun ń lọ. Fàúsátù, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹrù tí mo fi sílẹ̀ lọ. Ìwọ náà wá ṣe é sí ẹlòmíràn."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò tíì mú mi lọ bá ẹnikẹ́ni. Mo ní ọ̀rọ̀ náà máa lọ sílẹ̀ bó bá yá.

Kò lọ sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí dé sí ìdí ẹ̀rọ pẹ̀lú lẹ́tà àwọn àjòjì lọ́wọ́. Ìlà méjèèjì ti gùn. Mo wà nínú ìlà ọ̀tún. Mísítà Ansà jáde síwájú láti kí i.

"Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yìí?" ni Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí bi wọ́n. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ lórí rédíò pé ẹ̀yin ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún lómi níbí? Kí lẹ tún fẹ́ fi ẹ̀rọ kejì ṣe?"

"Èmi? N kò sọ bẹ́ẹ̀ rí!"

"Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ, ọ̀gá. A ti gbé ẹ̀rọ yín fún àwọn ará Ìbà."

Ariwo ta nínú ìlà òsì. Madam Abla jáde wá, ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú Mísítà Ansà. "O tà wá! O fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ, o wá fi wá tọrẹ!" Sẹ̀tónjí náà ń nawọ́ sí wọn lójú. Mísítà Ansà ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Lẹ́yìn náà ni ojú Mísítà Ansà bọ́ sára mi.

Wọn kò pe orúkọ mi. Bí mo bá dákẹ́, n ó lọ wo Fẹ́sítáàkì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì rò ó níbi tí mo dúró sí. Mo gbé garawa mi sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, Mísítà Ansà kò sọ ọ́. Èmi ni mo purọ́ mọ́ wọn."

Mo wá sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wí fún mi, láti orí "irọ́ ni" tí Madam Abla wí dé orí iṣẹ́ ọmọ ilé àti omi àlejò. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ìlà tèmi ń bínú sí mi.

"Ṣé a rán ọ níṣẹ́?" ni Bàbá Owólabí jágbe. "Ò ń tú àṣírí ilé rẹ fún àjòjì!"

Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí bínú ju gbogbo wọn lọ. "O ti dójú ti káńsù! Mo máa yọ orúkọ rẹ kúrò lónìí!"

"Ẹ̀rọ náà ńkọ́, sà?"

"Ẹ̀rọ wo? Wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ ní Ìbà. Ó di ọdún tó ń bọ̀, bí owó bá wà."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Mo sọ òtítọ́, òtítọ́ náà kò sì dá ẹ̀rọ kejì padà fún wọn. Ẹlòmíràn ló lọ wo Fẹ́sítáàkì. Nílé ìwé, pirínsípà ní kí n gé koríko fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì gé e.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Mísítà Ansà nínú kíláàsì nígbà tí àwọn yòókù ti jáde.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Inú ń bí mi, kò sì ní í tán lónìí. Ká ní ọ̀rọ̀ burúkú lo fi sí mi lẹ́nu ni, tí mo bá sẹ́ ẹ, àwọn èèyàn á gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn lo fi sí i. Ta ló máa gbà pé n kò sọ ọ́?"

Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, omi ẹ̀rọ wa kò kan ìlà òsì mọ́ rárá. Àwọn sójà gba aṣọ wọn lọ́wọ́ Madam Abla nítorí kò rí omi fọ̀ ọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1977, nígbà tí àwọn àlejò Fẹ́sítáàkì ń jó ní Èkó, ó di ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò tó ń lọ sí Lómè. Mo lọ bá a nídìí mọ́tò, mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó gbọ́ mi. Ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kejì títí mọ́tò fi gbéra.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ó jáde bí ó ṣe sọ ọ́, ì báà korò, ì báà bu orílẹ̀-èdè yín. Èmi yí ọ̀rọ̀ ìbínú padà sí ọ̀rọ̀ ìyìn kí n lè rí ìran wò, obìnrin kan sì pàdánù iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá. Kò dárí jì mí, n kò sì lè dá a lẹ́bi.