Àìsàn Bàbá, Orúkọ Ọmọ

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bóyá lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn lo ti ń kà á, bóyá ó ti rẹ̀ ọ́. Má dìde. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ó rẹ òun náà.

Túbọ̀sún ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe ní Mushin. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣègbéyàwó, bí àgbà kan bá sùn, ọ̀dọ̀ Túbọ̀sún ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ètò. Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, ó ní ọkọ̀, ó sì ní ẹnu. Bí ẹni tó ń tọrọ owó ìwòsàn bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò gba lẹ́tà dókítà ọwọ́ onítọ̀hún, yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá mi, ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń wá tẹ irú èyí! Ẹ lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe."

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Aláìsàn á gba lẹ́tà rẹ̀, á ká a wẹ́rẹ́, á máa lọ.

Lọ́dún tó kọjá ni ẹsẹ̀ Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ní àìsùn ni. Ìgbà tí ojú náà wú, tí èémí kò já gaara mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà ni ẹ̀ẹ̀kan. Owó abẹ́rẹ́ wà lọ́tọ̀, owó àyẹ̀wò wà lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀.

Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà fìríìjì, lẹ́yìn náà wúrà tí Kíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ fi wọlé ọkọ. Ohun tó ń tánni lókun níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kì í yó. O ta nǹkan lónìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti dọ̀tí padà, bí ẹni pé o kò ta ohunkóhun. Nígbà tó yá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹ̀gbọ́n Dàda ló máa ń jókòó sí àga tó kángun sí tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọdún kẹta rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ nìyẹn, àwàdà kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"Àbúrò, mo lá àlá lánàá. Mo lá àlá pé mo ń mu míníràlì tútù, odidi ìgò kan. Ìyàwó mi wá jí mi. N kò tíì dárí jì í."

Ife omi kan péré ni wọ́n gbà wọ́n láyè láti mu lóòjọ́. Ṣùgbọ́n Túbọ̀sún kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti ń rówó yìí? Owó ìfẹ̀yìntì ò lè tó o."

"Kí ló lè tó? Mo sọ fáwọn èèyàn ni. Ìjọ mi mọ̀. Ará àdúgbò mọ̀. Àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ ní Ìdó mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá rí owó, mo wá. Ọ̀sẹ̀ tí wọn ò bá rí, mo wú." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ńkọ́, ta lo sọ fún?"

"Kí n sọ fún ta? Kí wọ́n lè máa wí pé Túbọ̀sún ti ń ṣagbe?"

"Ìgbéraga náà ń gbowó o, àbúrò. Tirẹ̀ tún wọ́n ju ti ẹ̀rọ yìí lọ." Ohùn bàbá náà wá rọlẹ̀. "Jésù ni kò jẹ́ kí ojú máa tì mí mọ́. Kó tó pè mí ló ti mọ gbogbo ìdọ̀tí ara mi. Ẹni tí Ọlọ́run ti rí ìhòòhò rẹ̀, tó sì daṣọ bò ó, ta ló tún kù tó máa sá fún?"

Túbọ̀sún kọjú sí ògiri, ó ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Nígbà tí owó tán pátápátá, ó ronú ohun kan. Ẹ̀rọ kékeré kan ṣì kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ̀ pé ojú ọkùnrin ọlọ́dún márùndínláàádọ́ta kì í yára fa owó yọ lápò ènìyàn; ojú ọmọdé ló ń fà á. Ó mú fọ́tò Ìrètí, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kíndìnrín ọmọ yìí ti bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kú." Lẹ́yìn náà ó mú lẹ́tà dókítà tirẹ̀, ó pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, ó tẹ orúkọ ọmọ síbẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa. Bí ọmọ bá tilẹ̀ fi eré sọ pé òun ti kú, ìyá rẹ̀ á gbá a lẹ́nu, á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹni tó bímọ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ gbé àìsàn lé ọmọ lórí. Túbọ̀sún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, ó sàn kí wọ́n ṣàánú ọmọ ju kí wọ́n wo òun tìyọ́nú-tìyọ́nú lọ.

Ó gbé ìwé náà lọ sí ìjọ kan lẹ́yìn Jíbówú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá sunkún. Wọ́n dáwó tó lè san ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo ló gbàgbé: àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ṣì wà lórí lẹ́tà náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá àgbà kan láti ìjọ yẹn, Màmá Adéfúnmiláyọ̀, wá bẹ aláìsàn wò. Súwẹ́tà kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi hun ún, nítorí ó gbọ́ pé òtútù máa ń mú àwọn tó bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ìrètí fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Okùn tó fi ń fò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ìrètí tí ara rẹ̀ ò yá ńkọ́?"

"Èmi ni Ìrètí, mà."

Màmá yọ ìwé tó ní fọ́tò náà jáde, ó wo fọ́tò, ó wo ọmọ. Kíkẹ́ jáde láti ilé ìdáná, ó gba ìwé náà, ó kà á. Ó tún un kà.

"Bàbá Ìrètí," ó wí, kò sì pariwo. "Ẹ ta wúrà mi, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ ta fìríìjì, mi ò sọ̀rọ̀. Ọmọ mi lẹ tún wá tà?"

Túbọ̀sún wà lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Ìgbà náà ni Ìrètí wá dúró níwájú rẹ̀.

"Dádì, ṣé mo fẹ́ kú ni?"

Ọkùnrin yìí gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà, kò sunkún. Ó ta gbogbo ohun tó kó jọ láyé, kò sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tí ara rẹ̀ le bi í léèrè ikú, ó bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́.

Màmá wá ibì kan jókòó sí. "Mi ò bá ìjà wá," ó wí. "Ara ọmọ yìí dá ṣáṣá. Ta ló wá ń ṣàìsàn nílé yìí?"

Túbọ̀sún doríkodò, ó rọra wí pé, "Èmi ni."

"Etí mi ti di, ọmọ mi. Mi ò gbọ́."

"Èmi ni, mà! Èmi ni mo ń ṣàìsàn. Èmi ni mo purọ́. Èmi náà ni mo ń fi àwọn aláìsàn ṣẹ̀sín ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Èmi ni."

Màmá mi orí. "Ohun tí o ṣe burú, mi ò ní fọwọ́ bò ó fún ọ. O gbé ẹrù rẹ lé ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kò sì lè gbé e. Ṣùgbọ́n gbọ́: Ọmọ kan wà tó lè gbé e. Ẹnikẹ́ni ò fi irọ́ gbé e lé e lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda. Ìgbéraga rẹ, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, àti irọ́ yìí náà, Ọlọ́run Bàbá rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí igi àgbélébùú, ó sì rù ú dé òpin. Ṣé wàá jẹ́ kó ru tìẹ?"

Ẹsẹ̀ tó wú kì í fẹ́ kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ náà, Kíkẹ́ tó ṣì ń bínú ló dì í lápá mú. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Jésù, èmi ni. Ṣàánú mi."

Ọ̀rẹ́ mi, n kò ní tàn ọ́. Kíndìnrín rẹ̀ kò jí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúró níwájú ìjọ náà, ó jẹ́wọ́. Àwọn kan kùn, àwọn kan dìde jáde. Ẹnìkan ní kó dá owó òun padà. Owó tí àwọn tó kù dá kò tó ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè san. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹ̀gbọ́n Dàda wò ó títí.

"Àbúrò, wọn ò tíì tan ẹ̀rọ, ojú rẹ ti mọ́. Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, Ẹni tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi ni."

Bó ṣe ń gbé e nìyẹn títí di òní. Ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mìíràn owó á wà, ọ̀sẹ̀ mìíràn kò ní sí. Ṣùgbọ́n kò tún sí ohun tó ń bò mọ́ra.

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí ńkọ́? Orí ta lo gbé ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ lé? Ṣé ìyàwó ló ń mú ọ bínú ni, ṣé ọ̀rẹ́ ló kọ́ ọ lọ́tí, tàbí ayé ló le tí o fi ń rẹ́ni jẹ? Aláìsàn ni Olúwa wá wò, kò wá nítorí ẹni tó ní ara òun le. Bí o bá ń na ìka sí ẹlòmíràn, yóò kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ìwòsàn tirẹ̀ kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló fi san án.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Bi àwọn tó ń jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ léèrè. Àga tí ẹnìkan jókòó sí lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lè ti wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Níbi tí o wà yẹn, bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó, dá Jésù lóhùn. Kò ní kí o mú lẹ́tà wá. Sọ pé, "Olúwa, èmi ni." Sọ ọ́ nísinsìnyí.