Àjàrà Ogójì Ọdún ní Yábàá

Ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1987, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ti sọ ọtí òkèèrè di àwòmójúkúrò, ni Bàbá Oyèníran mú àdá, ó gé àjàrà tó ti wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Yábàá láti ogójì ọdún. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Kí n má purọ́ fún yín, àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ ló tì í débẹ̀.

Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, nínú kóòtù dúdú oníbọ́tìnnì idẹ. Kánò ló ti gbé ẹ̀ka àjàrà náà wá nínú agolo, òun àti Adéfúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ sì jọ gbìn ín. Ọtí oúnjẹ alẹ́ Olúwa ni wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe fún ìjọ. Níbẹ̀rẹ̀, èso lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àmọ́ ọtí náà kò yàtọ̀ sí omi. Bí igi ṣe ń dàgbà lèso ń dín kù, tí ọtí sì ń ki sí i. Gbòǹgbò àgbà ti jìn sílẹ̀, òjò kékeré kò lè fomi là á, ìwọ̀nba èso ló sì ń pín adùn igi. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò á tún bèèrè sí i.

Tẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin akọrin máa ń kún ilé lọ́jọ́ ìkórè. Nígbà tí èso kò tó nǹkan mọ́, tí Adéfúnmiláyọ̀ sì kú, Bàbá nìkan ló ń fún èso náà.

Àsìkò yìí ni Alàgbà Ọládèjì, ọ̀kan lára àwọn àgbà ìjọ, wá kí i. Ó ní ìgò márùn-ún kò tó ìjọ mọ́, igi àgbà sì ń ṣíji bo ilẹ̀: kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi ẹ̀ka rẹ̀ gbin ogún igi tuntun, àwọn ọ̀dọ́ á máa wá tọ́jú wọn.

"Ṣé wọn á máa wá lóòótọ́?"

"Gbogbo Sátidé, Bàbá."

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ebi èèyàn ló ń pa Bàbá.

Sátidé mẹ́rin ni wọ́n wá. Lẹ́yìn náà, ìdánwò dé, iṣẹ́ dé, Bàbá sì ń dá roko. Lọ́dún kẹta, èso pọ̀ yanturu. Ó ṣe ọtí, ó ránṣẹ́ pe Ọmọlará, olórí akọrin, kó wá tọ́ ọ wò. Ọmọlará mu díẹ̀, ó ní ó dára, àmọ́ kò wo ojú Bàbá. Omi lásán ni.

Ó wá sọ òótọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ó ti pé ọdún kan tí ìjọ ti ń lo omi èso pupa inú ìgò, èyí tí wọ́n ń bu omi là, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.

"Ẹ máa sinmi, sà," ló wí. Ó ní ọkọ̀ kan ń dúró de òun ní Jíbówú, ó sì lọ.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Bàbá. Ó mọ iye ọdún tí àjàrà ń lò kí ọtí rẹ̀ tó ki. Ó dìde, ó rìn láàárín ogún igi náà, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Adéfúnmiláyọ̀, èmi ni mo gé e."

Ọmọ igi yẹn ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kàn rí.