Ohùn Kejì Nínú Orin Bouchra

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń mí nínú yàrá ìkọrin, kò sì sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni, ní sítúdíò Wassim ní àdúgbò Djègan-Kpèvi. Èmi Salimatou ni mo ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ wa. Wassim ló ń lu ìlù, òun náà ló ń gba orin sílẹ̀. Orin rọ́ọ̀kì líle là ń ṣe, èdè Sípéènì la sì ń fi kọ ọ́, torí pé Bouchra, olórin wa, ti fẹ́ràn èdè náà láti ilé ìwé.

Orin kan péré ló kù kí àwo wa parí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọ̀fun Bouchra, ohùn rẹ̀ kò sì ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ mọ́. Dókítà ní kó gbàgbé orin.

Wassim yọ wáyà gbohùngbohùn. Èémí náà kò dákẹ́.

"Salimatou, jẹ́ ká máa lọ sílé," ló sọ sí mi létí.

Bouchra ti wọ yàrá náà. Ó ki wáyà náà bọ ibi tó wà padà, ó juwọ́ sí wa pé ká bẹ̀rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó lanu, àánú rẹ̀ ti ń ṣe mí. Àfi bí ohùn ṣe bú jáde tí gíláàsì tó wà láàrin wa ń mì! Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn mìíràn lábẹ́ tirẹ̀, ohùn àgbà obìnrin, tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú orin wa, tó ń fa Bouchra lọ bí ìyá ṣe ń fa ọmọ lọ́wọ́. Ara mi bù máṣọ, ṣùgbọ́n ìka mi kò dúró.

Bouchra jáde, òógùn bò ó. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Ohùn rẹ̀ ti padà, ó kún dẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé orin náà lọ fún Ìyá Àjọkẹ́, ìyá ìyá Bouchra. Ó gbọ́ ọ, ó fọwọ́ lé àyà.

"Ta ló kọ́ yín? Orin tí ohùn kejì yìí ń kọ ni ìyá mi fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Kúbà ni wọ́n bí i sí, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Ìyá rẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀ òkun pé kí wọ́n padà wálé, àmọ́ obìnrin náà kú sójú omi. Ìdajì orin lọmọ rẹ̀ rántí. Kò sí alààyè tó mọ ìyókù."

Ó fa Bouchra mọ́ra. "Kí ni ohùn náà sọ níparí? Mi ò gbọ́ èdè Sípéènì."

"Ó ní, 'Ẹ ṣílẹ̀kùn, mo ti gúnlẹ̀.'"

Ìyá Àjọkẹ́ dìde, ó bu omi tútù, ó ta á sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ewu òkun!"

Wassim yí orin sókè dé òpin. Gìtá ń ké, àwọn ará àdúgbò ń rọ́ jáde wá pàtẹ́wọ́, ìyá arúgbó ń jó. Ó jó títí, ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń fọ̀nà sílẹ̀ fún àlejò.

A ò rí ẹnì kankan. Síbẹ̀, gbogbo wa la yà lọ́nà.