Lọ́yà Tó Fi Ìwé Ilẹ̀ Pamọ́

Rodney Thackray, lọ́yà kan ní ìlú Halifax ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í gbàgbé ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni lọ́yà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kọ́ọ̀tù. Ó búra pé òun yóò gbẹ̀san.

Nígbà tí opó kan, Edna Murgatroyd, gbé ẹjọ́ ààlà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wá, Rodney rí i pé ọ̀tá òun gan-an ni lọ́yà tó ń gbẹjọ́ rò fún aládùúgbò tí ìyá náà pè lẹ́jọ́. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Kò pẹ́ tó rí ìwé àtijọ́ kan tó fi hàn pé aládùúgbò ló ni ilẹ̀. Ó tì í bọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kò sọ fún ìyá náà. Odidi ọdún méjì ló fi fa ẹjọ́ náà, kó lè da ọ̀tá rẹ̀ láàmú.

Ọ̀tá rẹ̀, lọ́yà aládùúgbò, wá rí ẹ̀dà ìwé náà. Ẹjọ́ fọ́. Adájọ́ bínú: "Òfò gbáà ni ẹjọ́ yìí. Lọ́yà Thackray, ẹ wá ṣàlàyé ní ọjọ́ Ajé ìdí tí ẹ kò fi ní fi owó ara yín san ìnáwó rẹ̀."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìndínláàádọ́ta pọ́n-ùn ni. Bí Rodney bá san án, ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà. Lọ́yà kò gbọdọ̀ tú ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ síta láìgbàṣẹ. Bó bá dákẹ́, adájọ́ yóò rò pé bóyá opó náà fúnra rẹ̀ ló ní dandan kí wọ́n máa bá ẹjọ́ náà lọ. Gbèsè yóò já lé opó lórí, wọn yóò sì ta ilé rẹ̀.

Ó jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń ro ó. Harold Binns, akọ̀wé rẹ̀ àgbà, gbé tíì wá.

"Ọ̀gá, èyí tí mo gbé wá lẹ́ẹ̀kan ti tutù o."

"Binns, bí mo bá dákẹ́, adájọ́ á ṣiyèméjì. Òfin ní kó fi iyèméjì yẹn gbè mí."

"Adájọ́ ti ìsàlẹ̀ á ṣiyèméjì. Ti òkè ńkọ́? Àbí Òun ò mọ ibi tí dúrọ́ọ̀ yín wà?"

"Má wàásù fún mi! Ṣé ìwọ lo máa san án?"

"Kí ni mo ní? Ẹ ṣáà mọ̀ mí nígbà tí mò ń mutí. Jésù ò jẹ gbèsè kankan, ó san tèmi. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Rodney lé e jáde. Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ó fa dúrọ́ọ̀ náà ṣí, ó wo ìwé náà. Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó rí i pé ìkùnsínú ni òun ń bọ láti ọdún mọ́kànlá, opó aláìlẹ́bi lòun sì fẹ́ fi rúbọ sí i. Ó sunkún bí ọmọdé. "Olúwa, mi ò ní àwíjàre. Gbà mí."

Láàárọ̀, ó lọ jẹ́wọ́ fún Edna.

"Rodney! Ṣé kí n wá bá ẹ sunkún ni? Olè! Lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún adájọ́. Mi ò ní àṣírí kankan tí mo ní kó o bá mi bò."

Rodney sọ ọ́ ní kọ́ọ̀tù. Ó san án. Wọ́n ta ilé rẹ̀; yàrá kan ló ń gbé báyìí, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín. Ibẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà sí ọ̀tá rẹ̀ pé òun ti dárí jì í. Ọkùnrin náà kò fèsì. Rodney ń sùn dáadáa.

Ìwọ tí ò ń kà á, ta ni o ń dì sínú? Ta ni o fẹ́ kó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ? Rodney rí owó san fún kọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ènìyàn lè tà tó lè ra ọkàn rẹ̀ padà. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló tó o. Ikú kì í fi ìwé ìpè ránṣẹ́. Má dìde níbi tí o wà yẹn kí o tó ké pe Jésù.