Irú Wo Lo Gbé Sórí Kọ̀ǹpútà Rẹ?

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, lọ́dún 1996, oòrùn ti ń rọlẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Lydia jókòó ti kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, ó ń gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀ láti inú síìdì. Ni kọ̀ǹpútà bá bi í pé ṣé ti bíìtì mẹ́rìndínlógún ló fẹ́ ni, àbí ti méjìlélọ́gbọ̀n.

"Dádì, èwo ni kí n mú?"

Ọ̀gbẹ́ni Boaz ti wẹ̀, Bíbélì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé tiwọn, oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ kì í wọ̀ bá iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Mú èyí tó pọ̀ jù, ọmọ mi. Yára pa á, Sábáàtì ti dé!"

Ó mú èyí tó pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó padà yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Odidi oṣù kan ló fi kọ ètò fún Alhaji Yúnúsà, tó ń ṣòwò obì ní Sábó, Ṣàgámù. Ètò náà á máa sọ agbọ̀n tó yẹ kí wọ́n tú lójoojúmọ́, kí wọ́n lè ṣa obì rẹ̀, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́, Lydia á di ọ̀gá kọ̀ǹpútà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó gbé e lọ, kọ̀ǹpútà Alhaji kọ̀ jálẹ̀. Ètò náà kò ṣí. Ṣẹ̀rífù, àbúrò Alhaji, bú sẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá, mo sọ fún yín. Iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹ jẹ́ kí ará Èkó tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yẹn wá."

"Ọkùnrin wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà?" Inú ń bí Lydia gidigidi, ṣùgbọ́n ó ti rántí ìbéèrè tó fi ìkánjú dáhùn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. "Alhaji, kọ̀ǹpútà yín ti pẹ́, bíìtì mẹ́rìndínlógún ló mọ̀. Irú kejì, ti méjìlélọ́gbọ̀n tó wà fún kọ̀ǹpútà tuntun, ni mo fi kọ ètò yìí. Ká ní mo tẹ 'Help' lókè ohun èlò tí mo fi kọ ọ́, kí n tẹ 'About', ǹ bá ti rí irú tó jẹ́. Ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ̀bi mi ni."

"Ṣé o lè tún un ṣe lónìí?"

"Rárá, sà. Sábáàtì ń wọlé lọ, mi ò sì ní ṣiṣẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí mi."

Lọ́jọ́ Àìkú, Lydia gbé irú ti bíìtì mẹ́rìndínlógún sórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, ó sì fi tún ètò náà ṣe. Ará Èkó tí Ṣẹ̀rífù ránṣẹ́ pè ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lydia kí i, ó bi í ní irú tó gbé wá.

"Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn," ni ọkùnrin náà wí. Ó fi tirẹ̀ sí i, kò ṣí. Lydia fi tirẹ̀ sí i, ó ṣí.

Ohun tí ètò náà kọ́kọ́ gbé jáde ni agbọ̀n mẹ́jọ tí ọjọ́ àtitú wọn ti kọjá. Ṣẹ̀rífù ti pa ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àtitú agbọ̀n sí tì, ó ń retí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n tú wọn, kòkòrò ti ba mẹ́ta jẹ́ pátápátá.

"Iṣẹ́ di tìẹ," ni Alhaji wí, "ṣùgbọ́n mẹ́ta yìí, ọrùn rẹ ló wà."

"Mo gbà, sà," ni Lydia dáhùn. Kò bẹ̀bẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí o tó kọ ìlà kan ṣoṣo, wo irú tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o sì wo kọ̀ǹpútà ẹni tó máa lò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, má gbà. Ní kó ṣí i, kó fi hàn ọ́.