Nígbà Tí Abẹ́rẹ́ Tán

Orí àga ni Sàúdátù dúró sí lọ́jọ́ tí Ṣàfíù kọ́kọ́ rí i, ìborùn aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀, tó na ọrùn sójú fèrèsé àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, tó ń bá wọn ṣàwàdà. Obìnrin kúkurú ni; láti inú oyún ni egungun apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ti gùn. Ikrimah ọmọ rẹ̀ jogún un. Afeefah, ọmọ Ṣàfíù, náà ní irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí i nínú ìdílé wọn rí. Ìyá ọmọ náà ti kọ wọ́n sílẹ̀.

Ṣàfíù, tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní ọjà Abossey Okai, ní kí òun bá a gba káàdì.

"Ṣé mo sọ fún yín pé ọwọ́ mi ò tó o ni?" Sàúdátù rẹ́rìn-ín.

Ìwádìí oògùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni àwọn ọmọ wọn wà nínú rẹ̀: wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ kí egungun wọn lè gùn, àwọn dókítà á sì máa wọn gíga wọn. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Ṣàfíù bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ Sàúdátù ní àdúgbò Kotobabi, wọ́n á jọ jẹ kẹ́ńkẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, àwọn ọmọ á máa fi èdè Twi bára wọn jà níwájú ilé.

Nígbà tí Ṣàfíù ní òun fẹ́ fi Sàúdátù ṣaya, ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn Afeefah bí ẹyinjú, ṣùgbọ́n òun ti sunkún tó. Òun ò ní gba irú rẹ̀ sílé lẹ́ẹ̀kejì. Ṣàfíù ò lè ta ko ìyá rẹ̀. Ó dẹ́kun lílọ sí Kotobabi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìwádìí dúró. Àwọn tó ń ṣe oògùn ti fà sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ ò sí mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ ni Ṣàfíù gbọ́ pé egungun ẹ̀yìn Ikrimah ti fún mọ́ iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, síbẹ̀ kò lè rìn mọ́.

Ó lọ bá Sàúdátù. Obìnrin náà ń to ọṣẹ, kò wojú rẹ̀.

"Sàúdá, mi ò ní ọ̀rọ̀ tó lè tù ọ́ nínú."

"Kò sí i náà ni. Mo ṣèlérí fún ọmọ mi pé á ga jù mí lọ."

"Jẹ́ ká jọ máa tọ́jú ẹ̀."

"Màmá ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún wọn. Wọn ò gbà. Síbẹ̀, mo wá."

Nígbà náà ni Sàúdátù tó sunkún. Ó ní òun ò ní ayọ̀ kankan tí òun lè mú wọlé ọkọ. Ṣàfíù ní òun ò béèrè ayọ̀.

Èèyàn díẹ̀ ló wá síbi tí ààfáà ti so yìgì wọn. Ìyá Ṣàfíù ò wá. Sàúdátù di ọwọ́ Afeefah mú, Ṣàfíù pọn Ikrimah, wọ́n sì forí lé ọ̀nà ilé. Ikrimah bi í bóyá òun wúwo. Ṣàfíù ní ó wúwo, pé kó rọra di ọrùn òun mú.