Ìlérí Ọdún Tuntun àti Ẹsẹ̀ Ìyá Karim

Àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún ni, ní agboolé kan ní Abobo, ní ìlú Abidjan. Ẹ ṣáà mọ bí àárọ̀ ọjọ́ náà ṣe máa ń rí. Ẹni tó ń mu sìgá á ní òun ti jáwọ́. Ẹni tí oorun ti sọ di ọ̀rẹ́ á ní òun ó máa jí kí àkùkọ tó kọ. Àwọn ará ilé á ṣe àmín, wọn á jẹun yó, wọn á lọ sùn.

Nígbà tó kan Fàwàsíyà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Karim, ó dìde. Ọmọ Ìgbòho ni, ike ló ń tà ní ọjà Abobo: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́ẹ̀gì omi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé ó ní àtọ̀gbẹ, pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń lo oògùn, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, bí ẹni tí kì í sùn.

"Lọ́dún yìí," ló wí, "mi ò ní fẹnu kan sucrerie mọ́, ọtí ẹlẹ́rìndòdò yẹn, yálà ti pupa tàbí ti dúdú. Mi ò ní jẹun alẹ́ mọ́. Mi ò sì ní wọ takisí wôrô-wôrô lọ sọ́jà mọ́. Ẹsẹ̀ ni n ó fi máa rìn lọ, òun náà ni n ó fi máa rìn bọ̀."

"Àmín o!"

Moufoutaou, ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Karim, ti èṣí ńkọ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kejì ó lọ ra bàtà àfiṣaré tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní tennis, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bàtà náà fún un díẹ̀. Ó ní yóò fẹ̀ tó bá yá.

Ó rìn o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó ń la eruku ọyẹ́ kọjá, ọkọ̀ gbaka ń fọn fèrè sí i létí, àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pè é pé, "Tantie, ẹ wọlé!" Kò wọlé. Tó bá délé lálẹ́, á fi ebi sùn, oorun náà ò sì ní kùn ún.

Ta ló lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, tí ebi ń pa á, aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà gbé sucrerie tútù kan lé e lọ́wọ́. Ó gbé e mu tán lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó ń wo òfìfo ìgò.

"Ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn," ló sọ nínú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó mu méjì. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó wọ wôrô-wôrô. Kí oṣù tó parí, kò sí ìkankan tó ṣẹ́ kù nínú àwọn ìlérí náà.

Àbí ta ni kì í mu sucrerie lọ́jọ́ tí oòrùn mú? Ìtìjú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìyá Karim. Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ pé, kò lọ. "Ẹnu wo ni n ó fi bá nọ́ọ̀sì yẹn sọ̀rọ̀?" ló wí. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Bàtà tuntun ti ṣe tirẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ó ti bó ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ lé ròrò, ròrò bẹ́, ó di egbò. Kò dùn ún. Tó bá ń ṣe àlùwàlá, á da omi sẹ́sẹ̀ wàràwàrà, ojú rẹ̀ á sì wà lára oníbàárà. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan tó rí ṣákaṣàka níbẹ̀, ó ní ọyẹ́ ló la ẹsẹ̀ òun. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó kírun tán, ó dìde. Moufoutaou rí àbàwọ́n lórí ẹní ìkírun, níbi tí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wà. Ó tẹ̀ ba. Òórùn kan lù ú nímú.

"Ìyá Karim, bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn."

"Ọyẹ́ ló là á."

"Mo ní kí o bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti dúdú bí èédú.

"Kò sì dùn ọ́?"

"Rárá, Bàbá Karim. Kò dùn mí rárá."

Moufoutaou jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wà níwájú Sàlíhà, nọ́ọ̀sì tí Ìyá Karim ń sá fún. Ará Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀, àmọ́ Abidjan ni wọ́n bí i sí, Faransé ò sì jìnnà sí Yorùbá lẹ́nu rẹ̀.

"Maman, ẹ jókòó, doucement, ẹ rọra. Depuis quand, láti ìgbà wo ni egbò yìí ti wà?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mi ò rí i." Ni ẹkún bá gbọ̀n ọ́n. "Mo ṣèlérí, mi ò lè mú un ṣẹ. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi wá."

"Ta ló ní n ó bá yín jà? Èmi gan-an, gbogbo janvier, tọ́dún bá bẹ̀rẹ̀, ni mo máa ń ní mi ò ní jẹ garba mọ́, acheke tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe àti ẹja díndín tó kún fún òróró yẹn. Kí février, oṣù kejì, tó dé, mo ti tò sórí ìlà lọ́dọ̀ oní-garba."

Ìyá Karim fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in tán. Sàlíhà mú ẹsẹ̀ náà dání.

"Ẹ gbọ́, Maman. Àìsàn yìí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora mọ́. Bàtà lè bó yín, òkúta lè gún yín, ẹ ò ní mọ̀. Egbò tí kò dunni, òun ló burú jù. Ìrìn dáa, mais ẹ ò gbọdọ̀ fi bàtà tó fún rìn. Ẹ sì ń lo oògùn ṣúgà, ẹ wá ń fi ebi sùn? Ìyẹn lè mú kí ṣúgà yín lọ sílẹ̀ jù, kí ẹ sì dákú."

"Kí ni kí n wá ṣe? Ó ti rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Ìlérí mẹ́ta ti wúwo jù fún ẹni tó ti rẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan, voilà, kí ẹ so ó mọ́ nǹkan tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ máa ń ṣe àlùwàlá, àbí?"

"Ìgbà márààrún lójúmọ́."

"Ẹ máa ń fọ ẹsẹ̀?"

"Ṣé àlùwàlá á pé láìfọ ẹsẹ̀ ni?"

"Ṣé ẹ máa ń wò ó?"

Ìyá Karim tẹ orí ba, ó wo ẹsẹ̀ náà. Gbogbo ìgbà tí omi ń kọjá lórí egbò yẹn, ojú rẹ̀ ò kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Sàlíhà fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ní ká ní ó pẹ́ sí i díẹ̀ ni, gbogbo ẹsẹ̀ ni ìbá lọ, ọjà ìbá sì bá a lọ.

Láti ìgbà náà, tí Ìyá Karim bá da omi sẹ́sẹ̀, á wò ó, á sì fi aṣọ gbígbẹ nu àárín ìka. Moufoutaou ló ń bá a wo àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ ò tó. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó máa ń rẹ̀ ẹ́ jù, tó máa ń gbàgbé. Tí ìrun tó kàn bá tó, á wò ó. Nígbà tí ìyẹn mọ́ ọn lára ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tútù rọ́pò sucrerie.

Ọdún yípo. Ó tún kàn án láti sọ̀rọ̀ láàárín agboolé.

"N ó máa wo ẹsẹ̀ mi," ló wí, ó sì jókòó.

Gbogbo èèyàn yíjú sí Moufoutaou, wọ́n ń retí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Ó kàn dìde, ó lọ pọn omi àlùwàlá wá. "Ìrun Àìlà ti tó," ló wí. "Jẹ́ ká wò ó."

Ẹ̀yin èèyàn wa, a mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Nítorí náà, ẹ má di ẹrù tí ọrùn ò lè gbé lọ́jọ́ ọdún. Ẹ mú ìlérí kan ṣoṣo tó kéré, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ẹ bá kùnà lónìí, ẹ tún un ṣe lọ́la, ọdún kan ò níláti yí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ẹni tó ń gbìyànjú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì mú egbò yòówù, ìbáà má dùn ún, lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bá rí i. Kò sí ìtìjú kan níbẹ̀.

Ìka mẹ́sàn-án ló kù lẹ́sẹ̀ Ìyá Karim. Ó ń wo gbogbo wọn.